Áíṣádò àti blọ́ọ̀ṣì tó ń tàn yòò lójú àfín: mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe kí Ojúde Ọba tó dé

ỌmọÌtòrò
Ọjọ́bọ̀, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o. Àfín ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé. Ẹgbẹ́ wa ti mú aṣọ Ojúde Ọba tọdún yìí: aṣọ òkè pupa osùn, gèlè àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Látìgbà tí mo ti gba aṣọ náà lọ́wọ́ akápò ni mo ti ń tú u wò lálaalẹ́, tí mo sì ń bi ara mi pé irú ojú wo ni mo fẹ́ gbé sábẹ́ gèlè yìí.

Látìgbà tí mo ti ń kun ojú, búráùn ni wọ́n ń fún mi. Ẹni yòówù tó bá fẹ́ kùn mí, búráùn ló máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Wọ́n á ní, "Ìwọ tó o ti funfun báyìí, àwọ̀ wo lo tún ń wá?" Nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi, ẹni tó kùn wá lọ́jọ́ náà mú fáńdéṣọ̀n tó dúdú jù mí lọ, ó fi kùn mí láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó sì dá a dúró síbẹ̀. Ojú mi di ti ẹlòmíì, ọrùn mi ṣì jẹ́ tèmi. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, ẹ̀yìn àǹtí mi ni mo fara pamọ́ sí. Ó ṣì ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra páálí áíṣádò kan ní Òkè Ajé: búlúù bí aró, elése-àlùkò, ọsàn, ìyeyè, àti píǹkì kan tó ń tàn bí iná. Mo ra blọ́ọ̀ṣì píǹkì mọ́ ọn. Lálẹ́ àná mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo kun píǹkì sí ìpénpéjú méjèèjì, mo sì jáde sí pálọ̀. Màámi dìde lórí àga. "Kí ló mú ọ lójú? Ṣé Àpólò ni?" Ẹ̀rù bà wọ́n gan-an ni. Ti blọ́ọ̀ṣì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: mo fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi tó dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì pọ́n bíi ti ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ẹyinjú mi kì í dúró sójú kan, bí ti ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí náà ìlà tí mo bá fà máa ń wọ́. Irun ìpénpéjú mi funfun. Mo sì ń lo awò.

Mi ò bi yín bóyá kí n kun àwọ̀ tàbí kí n má kùn ún. Mo ti pinnu ìyẹn. Bí mo ṣe máa ṣe é kó dára ni mò ń bèèrè.


ÌyáÌbejìṢágámù
Ọjọ́bọ̀, 9:40 alẹ́

Ọmọ mi, kùn ún dáadáa. Aṣọ òkè pupa osùn kọ́ ni èèyàn ń fi búráùn sin jáde. Tí ìlà bá ń dà ọ́ láàmú, tìróò ìyá wa ni kó o lé, èyí tó wà nínú ìgò kékeré. Òun náà la lé fún gbogbo ọmọ tí a tọ́.


Ẹ̀gbọ́nÌpẹru
Ọjọ́bọ̀, 10:22 alẹ́

Àbúrò mi, mo kí ọ. Inú rere ni mo fi ń sọ èyí. Mo bí ọmọbìnrin kan tó jẹ́ àfín, girama ló wà. Láti ilé wa dé gáréèjì, àwọn ọmọdé á máa ké "Òyìnbó pẹ́pẹ́" tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo ti bá wọn jà títí. Ojú tí ayé fi ń wò ó ti pọ̀ tó, kí ló tún fẹ́ fi búlúù pè é sí? Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹni òrìṣà ni àwọn àgbà ń pe àfín, wọ́n á ní ọmọ Ọbàtálá ni, àlà funfun la sì mọ̀ mọ́ Ọbàtálá. Ohun tó tutù tó sì mọ́. Mo rò pé ó yẹ kí ojú náà wà bẹ́ẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Oòrùn Ojúde Ọba tún wà níbẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń mú ní Ìjẹ̀bú-Òde.


Àdùkẹ́Gèlè
Ọjọ́ Ẹtì, 6:05 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí o. Iṣẹ́ mékọ́ọ̀pù àti gèlè ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ti kun ojú àfín mẹ́rin, ìyàwó ojú ọ̀nà wà nínú wọn. Lára wọn ni mo ti kọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ.

Àwa tá a dúdú, ká tó lè rí ìyeyè tàbí búlúù lójú wa, a ní láti kọ́kọ́ fi nǹkan funfun tẹ́ ìpénpéjú, bí ẹni tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Tí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ara wa á pa á. Ojú tiyín ti tẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí àwọ̀ ṣe rí nínú páálí gan-an ló ṣe máa rí lójú yín, kíá ló sì máa jáde. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi kun ẹ̀gbọ́n yín pọ̀ jù fún yín ní ìlọ́po mẹ́ta, ó kéré tán.

Ti píǹkì. Ẹ wo etí ìpénpéjú yín nínú dígí, níbi tí irun ti hù. Ó pọ́n díẹ̀ fúnra rẹ̀, àbí? Ẹ̀jẹ̀ ló ń hàn lábẹ́ awọ. Tí píǹkì tàbí pupa bá kan ibẹ̀, wọ́n á para pọ̀, ẹni tó bá rí yín á sì rò pé ojú ń dùn yín. Màámi yín ò jẹ̀bi. Ẹ fi ìlà tó dúdú díẹ̀ yà wọ́n: búráùn tó ki, tàbí búlúù aró inú páálí yín. Kí ìlà náà tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì lẹ̀ mọ́ ìdí irun. Òkè rẹ̀ ni kí píǹkì ti bẹ̀rẹ̀, kó gun ibi tí ìpénpéjú ti ká, kó sì máa parẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ kó tó dé irun òkè ojú.

Tí ẹyinjú yín bá ní búlúù tàbí àwọ̀ eérú nínú, ẹ gbé ọsàn jáde. Ọsàn àti àwọ̀ bàbà ló ń ti búlúù ẹyinjú síta. Ọsàn ni mo kùn fún ìyàwó tí mo sọ yẹn. Ọkọ rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹyinjú ìyàwó òun ní àwọ̀ tó tó báyìí.

Blọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ gùn, tó rọ̀, tó sì tú ká. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan blọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá máa nù ún sẹ́yìn ọwọ́ yín títí ẹ ó fi rò pé kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ mọ́. Èyí tó kù yẹn ló tó yín. Ẹ gbé e sórí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó máa lọ sápá etí. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ imú, torí imú ni oòrùn máa kọ́kọ́ pọ́n lójú yín, ẹ̀ ń fẹ́ kí blọ́ọ̀ṣì jìnnà síbẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, ẹ má nù ún, á tàn ká ni. Ẹ mú fóòmù tẹ́ ẹ fi tẹ fáńdéṣọ̀n tẹ́lẹ̀, ẹ má fi nǹkan tuntun kún un, kẹ́ ẹ fi máa tẹ orí ẹ̀ pẹ́pẹ́ títí á fi rọlẹ̀.

Lójú tèmi, àwọ̀ kan ṣoṣo ni kó máa pariwo. Tí ìpénpéjú bá gba búlúù, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọra.

Fáńdéṣọ̀n tí wọ́n fi ṣe yín yẹn dùn mí. Tí ẹni tó ń kùn yín ò bá ní èyí tó bá awọ yín mu, kó fi awọ yín sílẹ̀ bó ṣe wà.


Nọ́ọ̀sìÌlíṣàn
Ọjọ́ Ẹtì, 1:30 ọ̀sán

Ìyá ìbejì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, ẹ má jẹ́ kó lé tìróò yẹn. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní òjé nínú, májèlé sì ni òjé. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tó wá láti Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé inú rẹ̀ ju ìdá 82 lọ nínú 100. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ìyá wa, wọn ò mọ̀. Pẹ́ńsù ojú tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára ni kó lò.

Àǹtí ỌmọÌtòrò, ẹ yí páálí yẹn padà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn píǹkì àti ọsàn tó ń tàn bí iná, àwọn kan wà nínú wọn tí ìjọba Amẹ́ríkà ò fọwọ́ sí pé kí wọ́n kùn wọ́n sí àyíká ojú. Lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n máa ń fi kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n tún máa ń dọ́tí sára, bí ẹni re aṣọ láró, ó sì máa hàn lára yín ju ẹlòmíì lọ. Èyí tí wọ́n bá kọ bẹ́ẹ̀ sí, ẹ gbé e kúrò lójú.

Ti oòrùn tí Ẹ̀gbọ́n sọ, òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò sì fẹ́ kó sọnù sáàárín ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ohun tó ń mú kí awọ wa dúdú ló ń gba oòrùn lára wa, kò sì tó lára àfín. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ awọ fi máa ń mú wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí. SPF ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ìpara oòrùn ṣe ń dáàbò bo awọ tó: SPF 30 ń dí nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 ìtànṣán UVB, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ, 50 ń dí nǹkan bí 98. Ẹ rí i pé nọ́ńbà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Bí ẹ ṣe kùn ún pọ̀ tó, àti bóyá ẹ tún un kùn, ló ṣe kókó. Ẹ kùn ún sí ojú, ọrùn, ẹ̀yìn ọrùn, àti etí. Ẹ jọ̀ọ́, etí! Àwọn tó ń gbé egbò wá sọ́dọ̀ wa, etí ni mo ti ń rí i jù, torí gbogbo èèyàn ló ń gbàgbé ibẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kẹ́ ẹ tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn wákàtí méjì níta, ẹ fi fóòmù tẹ òmíràn sórí ẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ ra á, kí iṣẹ́ yín má bàa bàjẹ́. Àtíkè tí wọ́n kọ SPF sí kò lè dá a ṣe. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ ṣì kùn ún.


ÀfínṢágámù
Ọjọ́ Ẹtì, 8:47 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ỌmọÌtòrò, inú mi dùn tí mo rí ọ̀rọ̀ yín. Àfín lèmi náà, Sábó ni mò ń gbé ní Ṣágámù.

Ojú tí kì í dúró: ẹ ra dígí tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ jókòó tì í. Ẹ wá máa yí orí díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, kẹ́ ẹ gbé àgbọ̀n sókè, kẹ́ ẹ tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ibì kan wà tí ẹyinjú ti máa ń rọlẹ̀. Tèmi ni tí mo bá yí orí sósì tí mo sì rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀. Bí mo ṣe máa ń yí i nìyẹn láti ka pátákó nígbà tí mo wà níléèwé, tí olùkọ́ á máa pariwo pé kí n kọjú síwájú. Dókítà ojú ló wá sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé kò sí ohun tí mo ṣe tó burú, ojú mi ló wá ibi ìsinmi rẹ̀. Ẹ gbé dígí yín sápá ibẹ̀. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé tábìlì.

Mi ò kì í fa ìlà. Mo máa ń fi pẹ́ńsù tọ́ ọ tótòtótó sáàárín irun ìpénpéjú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, mo wá fi igi olówùú tí a fi ń nu etí so wọ́n pọ̀. Kò ní wọ́, torí kò sí ìlà tó lè wọ́. Irun funfun yẹn, másíkárà búráùn ni kẹ́ ẹ fi kùn ún, ẹ kùn ún láti òkè kẹ́ ẹ tó kùn ún láti ìsàlẹ̀. Tí ìdí irun bá ṣẹ́ kù ní funfun, á hàn lábẹ́ àwọ̀ bí ẹni tí eruku bọ́ sí lójú.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà: awò. Awò tèmi máa ń dúdú fúnra rẹ̀ tí oòrùn bá kàn án, a ò sì gbọ́dọ̀ bọ́ ọ níta. Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo fi wákàtí kan ààbọ̀ kun ìpénpéjú mi, mo jókòó ní pápá látàárọ̀ dọ̀sán, kò sẹ́ni tó rí i. Níta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè ló máa ṣiṣẹ́. Ojú á wá gba tirẹ̀ tẹ́ ẹ bá wọlé jẹun. Nítorí náà mi ò bá Àǹtí Àdùkẹ́ lọ síbi àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì pariwo, wọn ò ní jọ wà níta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìpẹru, mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Mo ti gbé ojú lásán lọ sọ́jà, wọ́n wò mí. Mo ti fi búlúù lọ, wọ́n wò mí. Lọ́jọ́ tí mo fi búlúù lọ, obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ dá mi dúró, ó ní níbo ni mo ti rà á, ṣé ó máa dára lójú ọmọ òun. Ìyẹn nìgbà àkọ́kọ́ tí ẹni tí n ò mọ̀ rí máa bá mi sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mo fọwọ́ ara mi yàn.


Ẹ̀gbọ́nÌpẹru
Ọjọ́ Ẹtì, 9:30 alẹ́

Mo ti kà á. Ẹ ṣeun.


ỌmọÌtòrò
Ọjọ́ Àìkú, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo yín ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àná àti òní ni mo fi ṣe é.

Ẹ̀yìn páálí náà ni mo kọ́kọ́ kà, mo fi fóònù yà á kí n tó lè rí lẹ́tà náà. Nọ́ọ̀sì sọ òótọ́: píǹkì yẹn kì í ṣe fún àyíká ojú. Ọ̀nà tí mo gbà kùn ún lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ò dáa. Abẹ́ gílóòbù tó pọ́n ni mo jókòó sí, iná náà sì ń jẹ píǹkì, mi ò rí i dáadáa, mo wá ń kún un, mo ń kún un. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé àga lọ sẹ́nu fèrèsé.

Ibi ìsinmi ojú tèmi wà lápá ọ̀tún. Mo lo ogún ìṣẹ́jú kí n tó rí i. Nígbà tí mo rí i, tí ẹyinjú náà rọlẹ̀ nínú dígí, mo kàn ń wò ó. Mi ò tíì rí ojú ara mi kó dúró jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo kọ́kọ́ dán ìyeyè wò káàkiri ìpénpéjú. Kò dára. Ó sún mọ́ àwọ̀ irun mi àti awọ mi jù, ó dà bíi pé mi ò kun nǹkan kan, àfi bíi pé ara mi ò yá. Elése-àlùkò dára, ṣùgbọ́n ó bá aṣọ òkè jà. Ọsàn ni! Mo fi ọsàn bo ìpénpéjú láti igun ìta wá dé àárín, mo tọ́ búlúù aró tótòtótó sídìí irun, mo so ó pọ̀. Ẹyinjú mi tí gbogbo èèyàn ń pè ní eérú, búlúù ló jáde. Mo pariwo pe màámi. Wọ́n wá, wọ́n ní kí n yí ojú sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ojú bàbá rẹ àgbà nìyí." Bàbá màámi náà jẹ́ àfín, mi ò bá a láyé. Wọn ò sọ ju ìyẹn lọ, àwa méjèèjì sì jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Blọ́ọ̀ṣì: mo nù ún sẹ́yìn ọwọ́ títí, bí Àǹtí Àdùkẹ́ ṣe wí, ó jáde fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó dára gan-an. Àfi ìgbà tí mo wé gèlè. Àwọ̀ ewé inú gèlè náà ti píǹkì síta, ó tún pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan sí i! Mo ní láti fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ rọlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń dán an wò nílé, kó wé gèlè rẹ̀ kó tó pinnu.


Àdùkẹ́Gèlè
Ọjọ́ Àìkú, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Omi ń bọ́ lójú mi níbi ọ̀rọ̀ bàbá àgbà yẹn. Ti gèlè, òótọ́ gidi ni, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Ewé àti pupa máa ń ti ara wọn síta. Ọ̀rọ̀ awò náà, mo gbà fún ÀfínṢágámù, mi ò rò ó débẹ̀ rí.


ÌyáÌbejìṢágámù
Ọjọ́ Àìkú, 5:45 ìrọ̀lẹ́

Mo ti da tìróò náà nù. Nọ́ọ̀sì, o ṣé, ọmọ mi. Ọmọọmọ mi oṣù mẹ́jọ wà nílé yìí.


Ẹ̀gbọ́nÌpẹru
Ọjọ́ Àìkú, 8:11 alẹ́

Ọmọ mi ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó lọ jókòó síwájú dígí ìyá rẹ̀ ó ń yí orí. Ó ní kí n bi yín: òkè ni ojú tòun ti ń rọlẹ̀, tóun bá gbé àgbọ̀n sókè, kì í ṣe ọ̀tún, kì í ṣe òsì. Ṣé ó burú? Àwọ̀ wo ni kó sì fi bẹ̀rẹ̀?


ÀfínṢágámù
Ọjọ́ Àìkú, 8:20 alẹ́

Kò burú rárá, sà. Kálukú ló ní tirẹ̀. Ẹ bá a gbé dígí náà lélẹ̀ sórí tábìlì, kó wò ó láti òkè wá, á rọrùn fún un ju tèmi lọ pàápàá. Kó fi ọsàn bẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣì í kùn, ó yá láti tún ṣe ju búlúù lọ. Kó ti kun ìpara oòrùn o, títí dé etí.